Oníbọ́ńdù Sàwábà

Ẹ ó rí i ní Sàwábà, ní Kumasi, lábẹ́ agboòrùn MoMo tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá. Fóònù mẹ́ta ló tò síwájú, kì í sì í gbé ìkankan bí ẹni tó ti sanwó bá pè é. Dátà ló ń tà: MTN, Telecel, AT, gbogbo rẹ̀ ní owó tó wálẹ̀ ju ti ilé-iṣẹ́ lọ. Tí ẹ bá bi í níbi tó ti ń rí i, á ní "pọ́tà" ni, bí ẹni tó ń dárúkọ òrìṣà ìdílé tí àlejò ò gbọdọ̀ fojú kàn.

Kó tó gbowó, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Nígbà tó gbà á tán, ó di wákàtí 24. Lọ́jọ́ kejì ó di "Àlàájá, ẹ pa fóònù yín, kí ẹ tún un tàn." Bí Àlàájá bá pa á tó tàn án, ẹ̀bi á wá bọ́ sórí kírédíìtì tí wọ́n yá, tàbí sórí nọ́ńbà tí àwọn fúnra wọn kọ. Òfin rẹ̀ kúkú wà lórí status WhatsApp, ní lẹ́tà wínníwínní: ajigbèsè ò gbọdọ̀ rà, ẹni tó ṣi nọ́ńbà ti pàdánù. Kò sí ìkankan tó bá oníbọ́ńdù wí.

Ṣùgbọ́n àwáwí tó ń gbé gẹ̀gẹ̀ jù ni ti wáyà abẹ́ òkun. Lóòótọ́, lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà mẹ́rin já nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Íntánẹ́ẹ̀tì dákú ní Gánà àti Nàìjíríà, NCA tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Gánà sì ní àtúnṣe á gbà tó ọ̀sẹ̀ 5. Wọ́n tún un ṣe. Gbogbo ayé ti gbàgbé. Ti oníbọ́ńdù wa nìkan ni ò tíì so. Ìyá aláṣọ béèrè gígì kan tó sanwó rẹ̀ lánàá, òkun ni. Ọmọ iléèwé fẹ́ wo èsì ìdánwò, òkun ni. Mo ti gbọ́ tó ń júwe ẹja tó gé e. Owó MoMo tí ẹ fi ránṣẹ́ sí i ńkọ́? Ìyẹn kì í rì sómi. Kí ẹ tó pajú, ó ti dé.

Bọ́ńdù "tí kì í kú" ló fi ń fọ́nnu jù. Bẹ́ẹ̀, oṣù Kẹwàá ọdún 2019 ni ìjọba Gánà ti pàṣẹ fáwọn ilé-iṣẹ́ pé dátà tí a rà ò gbọdọ̀ ṣòfò, kí wọ́n rò ó mọ́ èyí tí a bá tún rà. Oṣù tí owó orí ìbánisọ̀rọ̀ gun 9% láti 6% nìyẹn, tí wọ́n ń yọ ọ́ lára káàdì bí a bá ṣe ń kó o, títí aráàlú fi figbe ta. Ẹ̀tọ́ wa ló ń tà fún wa.

Ẹ ní kí ẹ fẹjọ́ sùn? Ilé-iṣẹ́ á ní ẹ ò rà á lọ́wọ́ àwọn. NCA á ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá ilé-iṣẹ́. Àárín àwọn méjèèjì ni oníbọ́ńdù kọ́lé sí. Ó sì tún mọ̀ pé owó náà kéré, pé sídì mẹ́fà kì í ṣe ohun tí àgbàlagbà ń jà lé lórí. Ìtìjú wa ni ọjà rẹ̀. Àwọn kan ní ọmọ tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ ni. Èmi ò rí ìyàtọ̀ láàárín òun àti olè, àfi pé olè a máa sá lọ.

Bí ìyá àgbà kan bá gbójú, tó wá bá a lábẹ́ agboòrùn, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Á wá gbóhùn sókè kí gbogbo ìlà lè gbọ́: "Háà, Àlàájá! Sídì mẹ́fà lẹ torí ẹ̀ rin oòrùn yìí wá?" Àwọn tó ń dúró gbowó á rẹ́rìn-ín. Ìyá á ní kó máa mú un, kó fi ra omi mu.

Á sì dúpẹ́.