Ṣòkòtò Agunpáta àti Òkúta Ọlọ

Ṣòkòtò agunpáta ni ṣòkòtò tí a rán fún ẹni tí ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rá pálá gun ojú àpáta tó dúró ṣánṣán, tí ó so okùn mọ́ ìbàdí, tí ẹlòmíràn sì di okùn náà mú nísàlẹ̀ kí ó má baà já bọ́. Ohun tí irú ṣòkòtò bẹ́ẹ̀ ní láti ṣe kò pọ̀: kí ó jẹ́ kí orúnkún dé àyà láìfa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, kí ó sì pẹ́ díẹ̀ kí òkúta tó jẹ ẹ́ tán. Òǹkọ̀wé àròkọ yìí, tí ó ti ná owó lórí ṣòkòtò mẹ́rin tí ó sì ṣi mẹ́ta àkọ́kọ́ yàn, ni a óò máa tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tí ó gbà kí a fi ìdí òun ṣe ìwádìí.

Ìgbéraga ni orísun àṣìṣe náà. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí òǹkọ̀wé náà sí, ìlú tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀ dó lábẹ́ àpáta Olúmọ ní 1830, ó sì ti gun àpáta náà láìmọye ìgbà ní kékeré, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dá a lójú pé kò sí òkúta kankan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó lè kọ́ òun lẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí ó gbàgbé ni pé àtẹ̀gùn wà lára Olúmọ, pé wọ́n tilẹ̀ ti ṣe ẹ̀rọ agbénisókè síbẹ̀ fún àwọn tí orúnkún ń dùn, àti pé ẹni tí ó gun àtẹ̀gùn kò tíì gun àpáta, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi kò ṣe tíì lúwẹ̀ẹ́.

Stanage, àpáta tí ó wà nítòsí Hathersage ní ẹkùn Derbyshire, ni ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Àpáta náà nà tó nǹkan bíi kìlómítà 6, òkúta rẹ̀ sì jẹ́ iyanrìn ayé ìgbàanì tó ti dì gbagidi, tí hóró rẹ̀ le tí ó sì ń ha ara bí ewé ìpín. Láyé àtijọ́, àwọn ará ibẹ̀ a máa gbẹ́ òkúta yìí ṣe ọlọ ńláńlá tí a fi ń lọ ọkà, púpọ̀ nínú àwọn ọlọ náà, tí wọ́n gbẹ́ tán tí wọn kò kó lọ, ṣì wà nílẹ̀ lábẹ́ àpáta náà títí di òní. Ọmọ Yorùbá tí ó bá rí ọlọ nílẹ̀ yẹ kí ó béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ lọ̀. Òǹkọ̀wé náà rí i, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó sì kọjá.

Jíìnsì ni ó wọ̀ lọ́jọ́ náà. Èrò rẹ̀ ni pé ṣòkòtò tí Levi Strauss àti Jacob Davis gba ìwé àṣẹ lé lórí ní Amẹ́ríkà ní 1873, nítorí ìṣó bàbà kéékèèké tí wọ́n fi kan igun àpò rẹ̀ kí ó má baà ya mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lára, yóò tó ti ẹni tí ń ṣe fàájì lásán. Kò ya lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò nà pẹ̀lú. Nígbà tí ó kan ibi tí ẹsẹ̀ òsì ti gbọ́dọ̀ ga tó ìbàdí, ẹsẹ̀ náà gbéra, ó dé ìdajì ọ̀nà, ó sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tí ó gbàgbé ohun tí wọ́n rán an, nítorí pé òwú tí a hun ní ìhunpọ̀ tí òógùn sì ti rin máa ń lẹ̀ mọ́ itan ni, kì í fẹ̀. Ọwọ́ yẹ̀, okùn sì gbé e dúró lófuurufú. Ibẹ̀ ni àṣìṣe kejì ti fara hàn, èyí tó jẹ mọ́ ìgbànú agunpáta, ìyẹn ọ̀já fífẹ̀ tí a dì mọ́ ìbàdí àti itan méjèèjì kí okùn lè rí ibi so mọ́: òǹkọ̀wé náà ti de bẹ́líìtì sábẹ́ rẹ̀, ó sì ti fi kọ́kọ́rọ́ ilé sínú àpò, gbogbo ìwọ̀n ara rẹ̀ sì wá di ẹrù tí irin bẹ́líìtì àti eyín kọ́kọ́rọ́ jọ ń rù. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó di okùn mú nísàlẹ̀ pariwo pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n máa sọ̀ yín kalẹ̀?” Èsì tí ó gbọ́ ni pé ẹ̀gbọ́n ń wo àyíká ná.

Ṣòkòtò kejì jẹ́ ti àwọn asáré, èyí tí ó fẹ́lẹ́ tí ó sì lẹ̀ mọ́ni lára, tí spandex pọ̀ nínú rẹ̀, ìyẹn òwú atọ́wọ́dá tí ń nà bíi rọ́bà tí Joseph Shivers ṣe ní 1958. Orúnkún dé àyà lọ́jọ́ náà, kò sí àròyé. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé náà fi ìdí yọ̀ wálẹ̀ níbì kan, kò ju ìwọ̀n apá méjì lọ, òkúta ọlọ sì ṣe iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ gbẹ́ ẹ. Ó ní láti so jákẹ́ẹ̀tì mọ́ ìbàdí bí ìyàwó tó ró ìró kí ó tó lè kọjá láàárín àwọn tó kó ọmọ wá ṣeré.

Ìgbà yẹn ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kàwé. Ohun tí ó rí ni pé abẹ́ ṣòkòtò, ibi tí ojú rírán mẹ́rin ti pàdé, ni gbogbo ìdààmú náà ti ń wá, àti pé ní 1982, Mike Graham, ọ̀kan nínú àwọn agunpáta Yosemite ní California, dá ilé iṣẹ́ Gramicci sílẹ̀, tí ṣòkòtò rẹ̀ di mímọ̀ fún àlẹ̀mọ́ abẹ́, ìyẹn aṣọ onígun tí a rán há àárín ẹsẹ̀ méjèèjì kí ojú rírán wọ̀nyẹn má baà forí gbárí mọ́. Inú rẹ̀ dùn sí ìmọ̀ náà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi pe télọ̀ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tí ó sì ṣàlàyé igun, ìwọ̀n àti ìdí ọ̀rọ̀ fún un, títí owó ìpè fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Télọ̀ dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kẹ̀ǹbẹ̀ kúkú lẹ fẹ́.”

Òótọ́ ni. Kẹ̀ǹbẹ̀, ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀ tí àwọn baba ń wọ̀ sábẹ́ agbádá, ti ní àyè lábẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní Yosemite tó bí ara rẹ̀ léèrè ìdí tí ẹsẹ̀ kì í fi í gbéra. Èyí tí télọ̀ náà rán dé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹsẹ̀ sì ń lọ síbi tí a bá rán an. Àmọ́ kò sí ẹni tí ó sọ fún télọ̀ pé atẹ́gùn Stanage kì í ṣeré, òǹkọ̀wé náà kò sì rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí ó ti kúrò nílẹ̀, nítorí pé aṣọ náà fẹ́ bí ìgbòkun láàárín ojú rẹ̀ àti ibi tí ó fẹ́ tẹ̀.

Ti ẹ̀kẹrin ni ó ń wọ̀ báyìí: náílọ́ọ̀nù tó nípọn tí spandex díẹ̀ wà nínú rẹ̀, tí ó ní àlẹ̀mọ́ abẹ́ àti okùn tí a fi ń fún un ní ọrùn ẹsẹ̀, tí kò sì ní irin kankan níbi tí ìgbànú yóò gbà. Ní ti jíìnsì àkọ́kọ́, wọ́n gé ẹsẹ̀ kan rẹ̀, wọ́n sì fi rán àpò tí a ń so sẹ́yìn ìbàdí láti kó ẹfun sí, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú funfun tí agunpáta ń fi pa ọwọ́ kí òógùn má baà jẹ́ kí ó yọ̀, tí John Gill mú wọ inú eré náà láti ọ̀dọ̀ àwọn eléré ìdárayá láàárín ọdún 1950 sí 1959. Àpò náà ti gun Stanage ju olówó rẹ̀ lọ, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ a máa yá a.