Páàdì Ló Jẹ̀bi

Ní ṣọ́ọ̀bù géèmù l'Agbowa, kò sẹ́ni tí í fìdí rẹmi. Páàdì ló máa ń jẹ̀bi. Ẹni tí wọ́n fi góòlù mẹ́rin nà á kàn jù ú sílẹ̀: "Páàdì yìí ti kú!"

Nígbà míì, òótọ́ ni. PlayStation 2 ti wà láti ọdún 2000, àtàǹpàkò kò sì ṣàánú páàdì rẹ̀. Tín-ín-rín ni ilà kábọ́ọ̀nù tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá ìdarí. Bó bá ti họ, agbábọ́ọ̀lù á máa dá sáré lọ síta pápá, bí ẹni gbèsè ń lé. Arépáàdìṣe á tú nọ́ọ̀tì, á fi òwú àti sípíríìtì nù ún. Bó bá kọ̀, á yọ ọ̀pá páàdì míì tó ti dolóògbé fi rọ́pò.

Wọ́n tún un ṣe tán, ọ̀gbẹ́ni tún gba márùn-ún. Ó ní kí wọ́n yẹ tẹlifíṣọ̀n wò.