Ọlọ́run Kì í Ṣe Bíréèkì

Bí Peugeot 504, ọkọ̀ tí Faransé gbé jáde lọ́dún 1968, bá ń gbé èrò láti Sakété lọ sí Pobè ní orílẹ̀-èdè Benin, tí awakọ̀ sì ní láti tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dúró, èrò á ní ọ̀gá yìí mọ ọkọ̀ rẹ̀. Èmi rò pé ọkọ̀ ló mọ ọ̀gá. Bí bíréèkì bá ń rì lábẹ́ ẹsẹ̀, tí òróró rẹ̀ kò sì jò síta, ó ṣeé ṣe kí rọ́bà inú máásítà, irin oníhò tó ń ti òróró bíréèkì lọ sídìí táyà, ti gbó: òróró ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ padà sẹ́yìn, agbára kò dé táyà. Ẹnì kan á ní kí a bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i, torí owó. Ọ́ìlì yẹn á mú kí rọ́bà wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi, ìnáwó á wá di méjì. Ẹlòmíràn á ní rọ́bà tuntun ti tó. Ó tó, bí inú irin náà bá ṣì ń dán. Ṣùgbọ́n òróró bíréèkì a máa fa ọ̀rinrin mọ́ra, bí ìpẹtà bá sì ti jẹ irin, rọ́bà tuntun kò ní pẹ́ ya. Wọ́n á ní Ọlọ́run ń ṣọ́ wa. Mo gbà, àmọ́ iṣẹ́ Rẹ̀ pọ̀. Ẹ jẹ́ kí máásítà ṣe tirẹ̀.