Onírèsé Kò Kọ̀, Àwa La Lé E

Bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Ìtùnú ni àwọn baba wa fi òwe yìí ṣe: bó pẹ́ bó yá, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni á jẹ́rìí ẹni. Àmọ́ òwe náà bọ́ sọ́wọ́ àwa ará ìsinsìnyí, ó di ìwé ìléniṣẹ́. A ní bí èyí tó ti fín sílẹ̀ kò bá ti lè parun, kí la tún ń fi onírèsé ṣe?

Ẹ yà sí Festac Town lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ó rí ohun tí mò ń wí. Wọ́n á ti dí títì, kánópì á ti dúró, MC á máa pariwo pé "live band" ti dé. Ẹ wá wo orí pèpéle: ọkùnrin kan ṣoṣo ni, ó wọ awò dúdú, ó jókòó ti kíbọ́ọ̀dù. Ó ti lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ àwọn bọ́tìnnì, ó fi bírò kọ ọ́ sí wọn lára: Jùjú, Fújì, Ìyìn, Gòjé. Ó tẹ ọ̀kan, gángan fọhùn. Ó tẹ òmíràn, fáyólìn rẹpẹtẹ figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ọlọ́jọ́ ìbí ń jó, wọ́n ń náwó fún un, ayé ń lọ. Àfìgbà tí jẹnẹrétọ̀ bá kú, tí onígángan, onífáyólìn àti onígòjé bá jọ kú pọ̀ mọ́ ọn.

Bẹ́ẹ̀, torí olórin àti oníjó ni wọ́n ṣe kọ́ àdúgbò yìí. Láti ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ sí ọjọ́ 12 oṣù Èrèlé ọdún 1977 ni àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú àgbáyé wáyé ní Èkó. Àwọn tó kópa níbẹ̀ lé ní 15,000, wọ́n wá láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 50, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ríbi sùn. Bí Festac ṣe dáyé nìyẹn, tó fi di ìlú ńlá lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Ibi tí wọ́n kọ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣèré ti wá di ibi tí ẹnì kan ṣoṣo ń dá ẹgbẹ́ olórin ṣe.

Kíbọ́ọ̀dù kọ́ ló jẹ̀bi o. Stevie Wonder, olórin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó wá sí àjọ̀dún náà. Nínú àwo tó gbé jáde lọ́dún 1976, ìyẹn Songs in the Key of Life, ohùn fáyólìn inú "Village Ghetto Land" kì í ṣe ti fáyólìn rárá. Kíbọ́ọ̀dù synthesizer Yamaha GX-1 ló fi ta á. Òun náà ló fun hàmóníkà sí àwo Aura tí Sunny Ade, olórin jùjú wa, ṣe lọ́dún 1984. Sunny Ade kó ẹ̀rọ ìlù wọnú àwo yẹn, ṣùgbọ́n onígángan kò torí ẹ̀ kúrò ní ìdí ìlù.

Àwọn Òyìnbó náà ti ṣe irú ti wa. Ní Birmingham, fáyólìn àti ṣẹ́lò ló sọ ẹgbẹ́ Electric Light Orchestra di ìlúmọ̀ọ́ká. Jeff Lynne tó ń darí wọn wá dá àwọn olókùn dúró, ó gbé synthesizer síwájú, ó ṣe àwo Time lọ́dún 1981, ìtàn ẹni tó bá ara rẹ̀ lọ́dún 2095. Àwo náà ta, ó gba ipò kìn-ín-ní nílẹ̀ Bìrìtìkó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti mọ èèyàn dín kù kì í tètè sinmi: nígbà tí wọ́n fi máa ṣe àwo ọdún 1986, ẹni mẹ́ta péré ló kù. Lọ́dún 2014 tí Lynne tún gorí pèpéle ní Hyde Park, ta ló kó sẹ́yìn? BBC Concert Orchestra, pẹ̀lú fáyólìn wọn. Ó rí wọn pè padà nítorí pé níbẹ̀, wọn kò yéé kọ́ ọmọdé ní fáyólìn.

Ta la fẹ́ pè padà ní tiwa? Gòjé nìyí: igbá tí wọ́n fi awọ bò, irun ìrù ẹṣin tí wọ́n ta sí i lára, òun ló ń bá sákárà sọ̀rọ̀. Láti ọdún 1978 tí Yusuf Olatunji, Baba L'Ẹ́gbàá, ti papò dà, mélòó nínú àwọn ọmọ Festac ló ti fojú kan gòjé rí? Bọ́tìnnì tí wọ́n kọ Gòjé sí yẹn, fáyólìn Òyìnbó tó wé gèlè ni. Òwe ní èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Òwe kò ní yóò bímọ.

Ẹ bi ọlọ́jọ́ ìbí ìdí tí kò fi pe ẹgbẹ́ pípé, á ní ẹnu wọn ti pọ̀ jù, ta ni yóò bọ́ wọn? Ẹni tó pa màlúù, tó dá aṣọ ẹbí, tó ń bọ́ ọ̀ọ́dúnrún àlejò tí ìdajì wọn kò mọ orúkọ rẹ̀, òun ni abọ́ ìrẹsì mẹ́ta fẹ́ sọ di òtòṣì. Kò burú, kó ṣọ́wó rẹ̀ ná. Àmọ́ kó kọ òtítọ́ sínú ìwé ìpè rẹ̀ pé òun kò pe ẹgbẹ́ olórin kankan, rédíò kan tó wọ awò dúdú lòun yá.