Abuké Ọ̀kẹ́rẹ́ Ìlú Ọba

Àwọn baba wa, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà oko àti ọ̀nà àjò kí mọ́tò tó dé, ni wọ́n wí pé a kì í rìn jìnnà kí a má rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ìyìn arìnrìn-àjò ni wọ́n sì fi í ṣe, nítorí ẹni tí kò bá kúrò lẹ́yìnkùlé baba rẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ gún régé nìkan ni yóò máa wò títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé.

Ẹ wá bi àwọn ọmọ wa tí wọ́n lọ gba oyè másítà ọlọ́dún kan ní Ìlú Ọba léèrè ohun tí ìrìn náà fún wọn. Wọn yóò ní ojú àwọn là, àwọn bá ọmọ Ṣáínà àti ọmọ Íńdíà jókòó ní kíláàsì kan náà. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbéra, baba ti ta ilẹ̀, ìyá ti kó àjọ, a sì ti yá owó èlé ńlá, kì í ṣe láti ná an, bí kò ṣe kí ó lè sùn sí báńkì fún ọjọ́ 28 tí òfin físà là sílẹ̀, kí olówó tó wá gbé e lọ. Náírà sì já ní 2023, gbèsè owó ilé-ẹ̀kọ́ tó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ni ọmọ bá ń gbé àpótí lóru ní ilé ìkẹ́rùsí, ó ń gbé arúgbó onílùú dìde lórí ibùsùn, ó ń ṣọ́ wákàtí 20 tí òfin fún un lọ́sẹ̀, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Bí ó bá ń wá abuké, kí ó wo dígí.

N kò bú wọn o. Ní 2022, láti oṣù kejì títí wọ oṣù kẹwàá ni àwọn olùkọ́ yunifásítì ilé wa fi da iṣẹ́ sílẹ̀. Ta ni yóò rí bẹ́ẹ̀ tí kò ní bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀? Ohun tí ó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ìmọ̀ ni a ní a lọ rà, bẹ́ẹ̀ físà ọdún méjì tí wọ́n là sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́jáde ní 2021 ni a ń gbààwẹ̀ lé lórí. Nígbà tí òfin sì dé ní oṣù kìíní 2024 pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ másítà kò gbọdọ̀ kó aya àti ọmọ dání mọ́, ó yà mí lẹ́nu bí ìfẹ́ ìwé ṣe tutù kíá lọ́kàn àwọn baálé ilé.

Àbúrò kan pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́hùn-ún lórí fóònù: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀kọ́ wo ni ẹ rò pé kí n lọ kà?”

Ẹ̀gbọ́n ní, “Èyí tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ gbà ọ́.”