Ìjàpá, Alága Láàbù

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, kò dá lé ọba, kò dá lé ìjòyè, ó dá lé Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo àti láàbù àwọn ẹranko ní Atikori, ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ní ayé àtijọ́ kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà, nítorí WAEC ti wà nígbà náà, àwọn ẹranko Ìjẹ̀bú-Igbó rí i pé igbó ń tán lọ. Onígẹdú ń gé, ẹ̀rọ ìlagi ń ké láti òwúrọ̀ dalẹ́. Erin ní kí àwọn ọmọ kàwé, bóyá wọ́n á lè bá onígẹdú dé ilé ẹjọ́. Wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́, wọ́n kọ́ láàbù tì í. Ìjàpá ni wọ́n fi ṣe alága láàbù, torí òun nìkan ló ní ibi tí wọ́n lè fi kọ́kọ́rọ́ sí tí kò ní sọnù: abẹ́ ìkarahun rẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ wọlé, kò jáde mọ́.

Bí ìdánwò báyọ́lọ́jì bá ti ń sún mọ́lé, Ìjàpá á gbé àga ńlá sẹ́nu ọ̀nà láàbù, á jókòó, á ní owó práktíkà kò tó. Àwọn òbí á dá owó. Lọ́dún kejì wọ́n dá ìlọ́po méjì, lọ́dún kẹta ìlọ́po mẹ́rin. Ilẹ̀kùn kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni dá nǹkan kan. Lọ́jọ́ ìdánwò, Ìjàpá á ta ìdáhùn fún àwọn ọmọ, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ wẹ́rẹ́ pé àwọn rí àwọ̀ tí wọn kò rí. (Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ti àwọn ẹranko ni mò ń sọ.)

Ọ̀kẹ́rẹ́ ló kọ̀. Ẹ kúkú mọ ìdílé wọn, wọn kì í lè pa ẹnu mọ́. Ó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fún ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin fún gaàrí, ó bu sítáàṣì funfun tó sílẹ̀ sísàlẹ̀ omi rẹ̀. Ó sè é ní ṣíṣàn, ó jẹ́ kó tutù, ó tutọ́ sínú rẹ̀. Inú itọ́ ni ẹ́ńsáìmù kan wà, amylase, òṣìṣẹ́ tó ń gé sítáàṣì di ṣúgà. Òun ló ń mú kí gaàrí máa dùn díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu ẹni tó bá jẹ ẹ́ lájẹpẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé ìgò rẹ̀ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn, ìwọ̀n 37, ó sì ń kán ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan sórí áyódíìn nínú àwo funfun. Níbi tí sítáàṣì bá wà, áyódíìn á dúdú bí aró. Ó kán an, ó dúdú. Ó tún kán an, ó dúdú díẹ̀. Nígbà tó yá, áyódíìn kò yí àwọ̀ mọ́. Sítáàṣì ti tán.

Ó ṣe ìgò kejì. Ó fi kọ́pà sọ́fétì díẹ̀ sínú rẹ̀, òkúta búlúù tí àwọn àgbẹ̀ kòkó ń pò, tí wọ́n fi ń fín kòkó kí ó má baà jẹrà dúdú lórí igi. (Kì í ṣe ohun à ń fẹnu kàn o.) Ó kán an: dúdú. Ó dúró títí adìẹ fi wọlé: dúdú.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ronú. Adènà kan wà tó jẹ́ pé ṣe ló jọ oúnjẹ òṣìṣẹ́ náà, tí á lọ jókòó síbi tí oúnjẹ yẹ kó wà. Irú rẹ̀ ni acarbose tí dókítà ń fún alátọ̀gbẹ. Bí oúnjẹ gidi bá pọ̀ tó, á tì í kúrò. Ọ̀kẹ́rẹ́ bá fi sítáàṣì kún un, ó tún fi kún un, ó fi Benedict, omi búlúù tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà wò, sè é bóyá ṣúgà á yọ. Búlúù ni Benedict wà, ṣúgà kò yọ. Kọ́pà kò bá sítáàṣì du àyè rárá. Ara òṣìṣẹ́ gan-an ló dì mú, tó fi wọ́.

Ní ìpàdé òbí àti olùkọ́, Ìjàpá ní kí wọ́n dá ìlọ́po mẹ́jọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ dìde: “Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, mo fi sítáàṣì kún sítáàṣì, kò yí. Ẹ̀yin náà fi owó kún owó.” Ló bá forin sí i:

Ìjàpá ọkọ Yánníbo,
*Dìde, dìde.*
Àga iṣẹ́ lo jókòó lé,
*Dìde, dìde.*
Kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lábẹ́ rẹ,
*Dìde, dìde.*
Práktíkà la wá ṣe,
*Dìde, dìde.*

Ìjàpá gberin. Ohùn rẹ̀ ló ga jù. Kò dìde.

Erin bi Ọ̀kẹ́rẹ́ pé kí ni ṣíṣe. Ó ní, “Bàbá, àwọn onísáyẹ́ǹsì ní ohun tí wọ́n ń pè ní EDTA, tó lè gbá kọ́pà mú, kó sì fà á sọ́tọ̀. Níbí, Alákàn ló lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan péré ni kẹ́ ẹ pè. Bí EDTA bá pọ̀ jù, tó bá kó kọ́pà tán, á kọjú sí kálísíọ́ọ̀mù tó gbé amylase ró, òṣìṣẹ́ á sì wó.”

Erin ní ọmọdé kò mọ bí wọ́n ṣe ń gba òṣìṣẹ́: ọmọ ẹ̀gbọ́n ta ni wọ́n fẹ́ mú, ti ta ni wọ́n fẹ́ fi sílẹ̀? Ogún alákàn ló pè láti etí ọ̀sà ní Ogun Waterside.

Alákàn àkọ́kọ́ fi èékánná gbá Ìjàpá lẹ́sẹ̀, ó fà á bọ́ lórí àga. Kọ́kọ́rọ́ já bọ́, láàbù ṣí, àwọn ọmọ hó yèè. Alákàn mọ́kàndínlógún tó kù kò rí nǹkan gbá mú. Ìkan gbá ẹ̀rọ omi, ìkan gbá fèrèsé, mẹ́ta gbá tábìlì kan ṣoṣo. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ògiri nìkan ló kù.

Ìjàpá ti gbé àga rẹ̀ lọ sídìí òpó iná, ó ń kọ̀wé. Ó ní ọ̀rọ̀ àwọn alákàn yìí ń fẹ́ ìgbìmọ̀ ìwádìí, òun yóò sì ṣe alága.

Erin sún mọ́ ọn, ó bi í pé èló ni owó ìjókòó.