Abẹ Mú Tán, Orí Dà?

Àwọn àgbà ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Agbéraga ni wọ́n fi ń bá wí, ẹni tó rò pé òun lè dá ilé ayé gbé. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n ó gbójú fo ọ̀bẹ kan. Ó gbà láìjiyàn pé ọ̀bẹ tó mú ń gbẹ́ nǹkan mìíràn, pé èkù rẹ̀ nìkan ni kò rí gbẹ́. Àwọn tó pa á kò mọ ọ̀bẹ tòde òní, èyí tí wọ́n ti ń pọ́n láti èṣí tí kò tíì gé ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kan.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, ká ní Igbodigo nílẹ̀ Ìkálẹ̀ ló ń gbé. Irùngbọ̀n rẹ̀ ṣeé kà. Ó wo fídíò lórí fóònù títí, ó ránṣẹ́ ra abẹ tó ń ká sínú èkù, irú èyí tí wọ́n ń rọ ní Solingen ní Jámánì, ó sì ra awọ màlúù gbọọrọ tó so mọ́ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀. Iṣẹ́ òwúrọ̀ rẹ̀ ni kó máa fa abẹ lórí awọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ jókòó nísàlẹ̀, ó ń fi ọ̀bẹ ìdáná tí èkù rẹ̀ ti sán ha ẹ̀yìn dúdú kúrò lára pùpùrù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí èéfín. Dúdú ń bọ́ sínú àtẹ, funfun ń yọ.

“Ọmọ mi, orí ta lo fẹ́ fá?”

“Màmá, ẹ ṣì ní sùúrù. Kò tíì mú dáadáa.”

“Ó dáa. Èyí tó wà lọ́wọ́ tèmi náà kò mú, ṣùgbọ́n pùpùrù ọjọ́ ọjà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé.”

Ká má parọ́ mọ́ awọ, ó níṣẹ́ tirẹ̀. Òkúta ló ń pọ́n abẹ, tó ń jẹ irin. Awọ kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ irin, ṣe ló ń tún ojú tó ti tẹ̀ nà. Ojú abẹ tín-ín-rín débi pé irùngbọ̀n lásán ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn abẹ ló ń ṣíwájú lórí awọ, ojú ń tẹ̀lé e, àwọn méjèèjì kò sì gbọdọ̀ kúrò lára awọ. Tó bá dé ìpẹ̀kun, ẹ̀yìn la fi ń yí i padà. Ẹni tó bá fi ojú yí i, awọ ló máa gé, ojú abẹ náà á sì kú. Awọ gbọ́dọ̀ le gbandi. Tó bá dẹ̀, tí ọwọ́ sì wúwo, á ká mọ́ ojú abẹ, ojú tó yẹ kó rí ṣóńṣó á di róbótó. Ìwúwo abẹ fúnra rẹ̀ ti tó, kò fẹ́ agbára apá. Ní nǹkan bí ìgbà 30 sí 60, ó ti parí.

Ọ̀rẹ́ wa ń fà á ju 100 lọ. Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó sì ń sáré, nítorí ẹni inú fídíò ń sáré. Bó ṣe ń fà á ni ojú rẹ̀ ń kú. Bó ṣe ń kú ló ń gbé e padà sórí òkúta, òkúta sì ń jẹun. Tó bá ń bá a lọ báyìí, èkù nìkan ni yóò ṣẹ́kù.

Onígbàjámọ̀ ayé ọjọ́un kò ráyè fún fàájì yìí. Orí tí wọ́n ti fi ọṣẹ pa wà níwájú rẹ̀, ẹlòmíràn ń dúró lẹ́yìn. Á fa abẹ lórí awọ, tàbí lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, á di orí mú, ó di fífá. Igbe oníbàárà ló ń sọ fún un bóyá abẹ mú. Ní 1903 ni King C. Gillette ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta abẹ pẹlẹbẹ tí à ń lò jù nù. Abẹ 168 péré ni ó tà lọ́dún náà. Ní 1904, ó ti ju 120,000 lọ. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin ṣe bọ́ lọ́wọ́ awọ. Ẹni tó bá fẹ́ padà sí ti àtijọ́, n kò bá a jà. Orí ni mo ń béèrè.

Ṣùgbọ́n ọmọdé ni ọ̀rẹ́ wa yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àgbà afabẹ tó wà nídìí ìjọba. Ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì wà nínú ilẹ̀ lágbègbè wa. Ní Agbabu, ó ń sun jáde fúnra rẹ̀. Kí ogun àgbáyé kìíní tó bẹ́ ní 1914 ni Nigerian Bitumen Corporation ti John Simon Bergheim ti ń gbẹ́ ilẹ̀ níhìn-ín. Láti ìgbà náà, ìjọba dé, ìjọba lọ. Wọ́n yan ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ kọ ìwé, wọ́n pe ìpàdé lórí ìwé, wọ́n tún yan ìgbìmọ̀ tí yóò yẹ ìpàdé wò. Wọ́n fúnni níwèé àṣẹ, wọ́n ya fọ́tò. Ó lé ní 100 ọdún, wọ́n ṣì ní kò tíì mú dáadáa. Tí wọ́n bá sì rántí dí ihò kan lójú títì, ọ̀dà tí wọ́n fi ń dí i, òkèèrè ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wọkọ̀ ojú omi wá.